Ọwọ́ Wo ni Ọmọ Yóò fi Júwe Ilé? Orúkọ Rere, Àṣírí àti Ohùn Kambili nínú Purple Hibiscus

1. Ìfáárà

Láàrin Yorùbá, orúkọ rere kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan ṣoṣo. Ohun ìní ìdílé ni. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ sí ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òbí fi ń sìn ín sọ́nà ni pé kí ó rántí ọmọ ẹni tí í ṣe. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ nínú ilé, òwe tí a fi ń kìlọ̀ fún un ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìmọ̀ràn méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú wọn tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú fò. Bí ilé baba náà bá dàrú ńkọ́, tí ọlọ́pàá wọ ibẹ̀, tí ayé gbọ́, tí ẹni tí yóò ròyìn rẹ̀ sì jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún? Ọwọ́ wo ni yóò fi júwe ilé?

Ìwé tí a fẹ́ fi yẹ ìbéèrè yìí wò ni Purple Hibiscus, ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ. Ọdún 2003 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Commonwealth fún ìwé àkọ́kọ́ tí ó dára jù lọ ní ọdún 2005. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ilẹ̀ Ìgbò sì ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè ohun tí ó gbé e dé àárín àpérò tiwa. Èsì wa ni pé ohun tí Yorùbá ń pè ní ẹ̀sín, ẹ̀tẹ́ àti àṣírí bíbò kò ṣàjèjì sí àwọn aládùúgbò wa, àti pé bí àwọn èrò wa nípa ọmọlúàbí bá jẹ́ irinṣẹ́ lámèyítọ́ lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí ìwé tí a kò fi èdè wa kọ.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ fi hàn. Èkíní, kì í ṣe ẹ̀sín tí ó dé gbangba ni ó ba Kambili jẹ́; orúkọ rere tí ilé wọn ní kí ẹ̀sín náà tó dé ni. Èkejì, àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n tún un kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tún ara rẹ̀ kọ́. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà ìsọ̀tàn ìwé náà gan-an ni ẹ̀rí iṣẹ́ àtúnkọ́ yìí.

2. Ìtàn náà ní ṣókí

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Kambili Achike nígbà tí ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìwé náà wáyé. Jaja, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìlú Enugu ni wọ́n ń gbé. Eugene, bàbá wọn, jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí ó ní ilé iṣẹ́, tí ó sì ni ìwé ìròyìn kan tí kì í bẹ̀rù ìjọba ológun. Ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà tí kì í fi ẹ̀sìn ṣeré. Ní gbangba, aláàánú ni. Ní ilé, ó ń na ìyàwó àti ọmọ ní ìnàkunà. Ó kọ bàbá tí ó bí i lọ́mọ, Papa-Nnukwu, nítorí pé baba náà kò fi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ sílẹ̀; ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ó ń fún àwọn ọmọ láti fi kí bàbá àgbà wọn bí wọ́n bá wá sílé ní ìgbà Kérésìmesì.

Àbúrò Eugene, Àǹtí Ifeoma, opó tí ó ní ọmọ mẹ́ta, jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Nsukka. Ilé rẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì ti kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè tòṣì kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, Jaja kọ̀ láti lọ gba Ara Kristi, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Lẹ́yìn náà, Eugene kú. Ìyàwó rẹ̀, Beatrice, ni ó ń fi májèlé sí i nínú tíì. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, Jaja ní òun ni òun ṣe é, wọ́n sì mú un lọ. Apá ìkẹyìn ìwé náà wáyé ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, nígbà tí ìjọba ti yí padà tí wọ́n sì fẹ́ dá Jaja sílẹ̀.

3. Orúkọ rere tí ó di ẹrù

Bí a bá ní kí a wá ibi tí ẹ̀sín wà nínú ìtàn yìí, ojú a kọ́kọ́ lọ sí ibi májèlé àti ẹ̀wọ̀n. Ohun tí aládùúgbò yóò sọ nìyẹn, ohun tí ìwé ìròyìn yóò gbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ipò tí Kambili wà nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó lè bu ilé wọn. Ní àkókò yẹn, àlùfáà a máa dárúkọ bàbá rẹ̀ lórí àga ìwàásù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọmọ ìjọ rere. Ní àkókò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kì í fi í jáde lẹ́nu ọmọ náà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ a gbé e, tàbí kí ó kólòlò, tàbí kí ohùn rẹ̀ má ju òfé lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé rò pé ìgbéraga ni. Wọn kò mọ̀ pé bí agogo bá ti lù, ó gbọ́dọ̀ sáré lọ bá awakọ̀, nítorí pé ìwé ètò tí bàbá kọ, tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, kò fi àyè ìtàkúrọ̀sọ sílẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Kambili gba ipò kejì nínú kíláàsì. Bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e dé ilé ìwé, ó ní kí ó wo ojú rẹ̀ nínú dígí, ó sì bi í pé orí mélòó ni ọmọ tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní. Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín ni ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu òbí tàbí olùkọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Adichie fi dígí yìí ṣe kọjá ẹ̀fẹ̀ àgbà. Ọmọ tí ó wo dígí láti mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́, orí ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí ó máa kà níbẹ̀. Kò sí ibì kan tí ojú tirẹ̀ wà. Èyí ni ó fà á tí inú rẹ̀ fi máa ń dùn bí Jaja tàbí ìyá bá sọ ohun tí ó wu bàbá, tí ó sì máa ń dùn ún pé òun kọ́ ni òun kọ́kọ́ sọ ọ́. Kò ní èrò tirẹ̀. Etí bàbá rẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Eugene kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ Ìgbò ní gbangba. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà sọ ọ́, àfi bí ínú bá ń bí i. Nítorí náà, èdè ìyá àwọn ọmọ náà di èdè ìbínú, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè ọmọlúàbí. Ọmọ tí a gba ẹnu rẹ̀ lọ́nà báyìí kò lè fi èdè kankan sọ ohun tí ó ń dùn ún.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ pé alágàbàgebè lásán ni Eugene, ọ̀rọ̀ Kambili ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fún un ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni àánú ọkùnrin yìí. Ó ń san owó ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Ade Coker, olóòtú ìwé ìròyìn rẹ̀, ikú tí ó mú wa rántí ikú Dele Giwa ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1986, Eugene gbé ẹrù opó àti ọmọ olóògbé náà rù. Kódà, ọmọbìnrin kékeré Coker yadi nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Eugene ni ó wá àwọn oníṣègùn tí ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi tún sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé ṣe níbí yìí. Ọkùnrin tí ó náwó kí ọmọ ẹlòmíràn lè fọhùn ni ó gba ohùn lẹ́nu ọmọ tirẹ̀. Bàbá kan náà ni. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí òun í ṣe ní láti mọ bí òun yóò ti gba bàbá méjèèjì mọ́ra, kò gbọdọ̀ ju ọ̀kan nù kí ó rò pé èkejì ti tán.

4. Nsukka: ohun tí ó fún un àti ohun tí kò lè fún un

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó gbà pé Nsukka ni ó sọ Kambili di ènìyàn: pé ẹ̀rín ilé Àǹtí Ifeoma, òdòdó hibiscus aláwọ̀ àlùkò tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀, àti ìfẹ́ Fadá Amadi, ni ó tú u sílẹ̀. A kò sẹ́ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ó ti gbé e láti ọwọ́ bàbá kan fún ọwọ́ alágbàtọ́ mìíràn, a ó sì máa pe ìyẹn ní òmìnira.

Àpẹẹrẹ ẹ̀fọ́ orah ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa jù lọ. Amaka, ọmọ Àǹtí Ifeoma tí òun àti Kambili jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ olówó ni, kò mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀fọ́. Títí di ọjọ́ náà, omijé tàbí ìdákẹ́ ni èsì Kambili. Àǹtí Ifeoma kò gbèjà rẹ̀. Ó bi í bóyá kò ní ẹnu ni, ó ní kí ó dá Amaka lóhùn. Kambili wá sọ, ní ohùn tí ó balẹ̀, pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí Amaka máa pariwo, ó lè kọ́ òun. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú èsì yìí ni pé ó gba àìmọ̀ rẹ̀ láìtijú. Ní ilé bàbá rẹ̀, àìmọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń gbà pàṣán fún. Ìka ọwọ́ Jaja kan tí ó ti bàjẹ́ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ó ṣi ìbéèrè méjì gbà nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ìsìn, jẹ́ ẹ̀rí. Ní Nsukka, àìmọ̀ di ibi tí ọ̀rẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwòrán Papa-Nnukwu. Amaka ya àwòrán bàbá àgbà, ó sì fún Kambili nígbà tí ó ń padà sí Enugu. Nígbà tí Eugene rí i, ó fà á ya. Kambili kò sá. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí àwọn àjákù náà, bàbá rẹ̀ sì ta á nípàá títí ó fi di èrò ilé ìwòsàn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀, èrò wa ni pé ibí yìí ni ó ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yan baba kan nínú ìran rẹ̀ tí wọ́n ti ní kí ó gbàgbé.

Ṣùgbọ́n Nsukka kò dúró. Àwọn aláṣẹ lé Àǹtí Ifeoma kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjọ rán Fadá Amadi lọ sí Jámánì. Nígbà tí ẹ̀sín ilé wọn fi máa di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, gbogbo ẹni tí a rò pé wọ́n gbà á là ti fẹ́ máa lọ tàbí wọ́n ti lọ. A kò rò pé èèṣì ni èyí nínú àhunpọ̀ ìtàn. Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ yọ gbogbo ọ̀pá tí ọmọ náà ń fi ara tì ni, kí a lè rí i bóyá yóò dúró.

5. Nígbà tí àṣírí tú

Ẹni mẹ́ta ni ó kù lẹ́yìn ikú Eugene, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì gbà kojú ẹ̀tẹ́. Beatrice jẹ́wọ́. Ó ń sọ fún ènìyàn pé òun ni òun ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ni ó ń da ọpọlọ rẹ̀ láàmú. Ìyà obìnrin yìí jinlẹ̀. Nígbà tí ó dákẹ́, a gbóríyìn fún un pé aya rere ni. Nígbà tí ó sọ òtítọ́, a ní orí rẹ̀ dàrú. Jaja, ní tirẹ̀, parọ́, irọ́ rẹ̀ sì di òtítọ́ ní ilé ẹjọ́. Ó ń fi ẹ̀wọ̀n san gbèsè ìyá rẹ̀ tí kò dáàbò bò nígbà tí bàbá wà láàyè. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Jaja yan ẹ̀sín kí ìyá má baà kú.

Kambili kò lè jẹ́wọ́, nítorí pé kò ṣẹ̀. Kò lè gba ẹ̀bi rù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbà á. Ohun tí ó kù fún un ni iṣẹ́ tí kò lórúkọ: ó ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ń gbé oúnjẹ lọ, ó ń bójú tó ìyá tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń bá awakọ̀ àti agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò lè dá ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ń tọ́jú ilé. Kì í ṣe àsọyé ni òǹkọ̀wé fi ìyípadà yìí hàn. A kàn rí i pé ikọ́ àti ìkólòlò ti kúrò nínú ìjíròrò rẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni pé ó ṣì ń ṣe Mísà fún bàbá rẹ̀, ó sì ń fẹ́ láti rí i lójú àlá. Kò sọ èyí fún Jaja. Àwọn kan lè ní ìdè bàbá ni kò tíì já lọ́rùn rẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Ẹni tí ó wà nínú ìdè kì í fi ìfẹ́ pamọ́. Ìbẹ̀rù ni ó ń fi pamọ́. Ìfẹ́ tí Kambili ní sí bàbá rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí ó gbọ́dọ̀ hàn sí bàbá náà kí ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nísinsìnyí, bàbá ti kú, kò sí ẹni tí yóò yìn ín, ẹ̀gbọ́n tí ó fẹ́ràn jù lọ yóò sì bínú bí ó bá gbọ́. Ó fẹ́ràn olóògbé náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun àkọ́kọ́ nìyí nínú ayé rẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá.

6. Ọ̀nà ìsọ̀tàn: Kambili àti Sẹ̀gilọlá

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe ni Adichie lò. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas ń gbé jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin ọdún 1929 sí 1930, fi ẹnu obìnrin kan sọ ìtàn ìtìjú obìnrin náà. Sẹ̀gilọlá rí ohùn, ṣùgbọ́n a fún un ní ohùn náà kí ó lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ìkìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń ṣe. Ìgbésí ayé rẹ̀ di ẹ̀kọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń kú lọ. Ọkùnrin ni ó mú kálàmù, ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin sì ni ọjà tí ó ń tà.

Kambili kò kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Kò ní kí a wo òun kí a kọ́gbọ́n. Ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Nígbà tí ó ń ròyìn bí bàbá rẹ̀ ti da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀, ó ròyìn ẹkún tí bàbá náà ń sun pẹ̀lú. Níbí ni òwe wa ti padà wá. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni: òwe náà kò sọ pé kí a má júwe ilé. Ọwọ́ tí a ó fi júwe rẹ̀ ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀gàn júwe ilé, ọwọ́ òsì ni ó lò. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti júwe rẹ̀ rárá, àlejò rẹ̀ yóò ṣìnà. Kambili fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé tí ó jóná, ó sì júwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jóná.

A sì gbọ́dọ̀ rántí pé gbogbo ìtàn náà, láti ojú ewé àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ̀sín ti ṣẹlẹ̀ sí ni ó ti ń jáde. Ọmọ tí ń kólòlò nínú ìtàn ni asọ̀tàn tí kò kólòlò. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni a ti ń rí iṣẹ́ àtúnkọ́ tí òǹkọ̀wé kò fi àlàyé sọ fún wa.

7. Ibi tí ìwé náà kù sí

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe ìyìn nìkan. Ojú ewé díẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ikú Eugene, bẹ́ẹ̀ ọdún wọ̀nyí gan-an ni a ti lè rí bí ẹ̀dá ti ń tún ara rẹ̀ kọ́ lójoojúmọ́. Kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé sọ? Báwo ni àwọn ará ìjọ ti wò ó? Ẹ̀sín nílò àwùjọ kí ó tó lè jẹ́ ẹ̀sín, ṣùgbọ́n àwùjọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní apá yìí. Bákan náà, àjọṣe Kambili àti Fadá Amadi kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìbéèrè. Asọ̀tàn fẹ́ràn ọkùnrin náà, òǹkọ̀wé sì gbà fún un. Ẹni tí ó ti fi irú ojú líle bẹ́ẹ̀ wo agbára bàbá yẹ kí ó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ wo agbára àlùfáà tí ó ti dàgbà lórí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Síbẹ̀, àìpé àkọ́kọ́ yìí ní ìdí tí a lè fi ye ara wa. Ohun púpọ̀ ṣì wà tí Kambili àti Jaja kì í bá ara wọn sọ. Ìdákẹ́ náà kò tán. Irú rẹ̀ ni ó yí padà. Ti àtijọ́ jẹ́ ti ìbẹ̀rù, ti ìsinsìnyí jẹ́ ti àwọn tí wọ́n mọ ohun kan náà tí kò sì pọn dandan kí wọ́n sọ ọ́.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú Purple Hibiscus, ẹ̀sín gbangba kọ́ ni ọ̀tá ọmọbìnrin náà. Orúkọ rere tí a fi ẹ̀jẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ra ni. A ti fi hàn pẹ̀lú pé ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Nsukka jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ìgbà tí wọ́n kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní èdè Ìgbò, Kambili túmọ̀ sí ‘jẹ́ kí n wà láàyè’. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ náà. Nígbà tí ó parí, tí ó ń gbèrò láti mú Jaja lọ sí Nsukka, láti bẹ Àǹtí Ifeoma wò ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì gbin igi ọsàn tuntun sí Abba, ìlú baba wọn, ẹ̀bẹ̀ ti di ìpinnu.

Ohun tí a fẹ́ kí àpérò yìí yẹ̀ wò síwájú sí i ni ipò tí àwa fúnra wa fi òwe àti ìmọ̀ràn wa sí nínú lámèyítọ́. Bí a bá ń ka ìtàn àròsọ Yorùbá tí ó dá lórí àṣírí ìdílé, a sábà máa ń béèrè bóyá ẹ̀dá ìtàn bo ilé rẹ̀ láṣìírí tàbí kò bò ó. Ìtàn Kambili fi hàn pé ìbéèrè yẹn kò tó. Ó yẹ kí a máa béèrè iye tí ìbòrí náà ná ẹni tí ó kéré jù lọ nínú ilé.